Táyà Tí Mi Ò Kùn Ní Gúlúù

"Wọ́n ní… àbí kí n má wulẹ̀ sọ ọ́."

"Sọ ọ́, jàre. Ṣebí àwa nìkan là ń fọ abọ́ níbí."

"Péjú yẹn… Péjú ilé àwọn Gbémi… ní Duluth, ní Sátidé tó kọjá… òun àti ẹni tó yẹ kó…"

"Morákinyọ̀?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o! Ẹni tó rí wọn ló sọ fún mi. Ó ní wọ́n jọ dúró báyìí, orí kan orí. Ó ní bọ̀dá náà fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé, 'Mi ò fẹ́ kí Gbémi wá síbí.' Péjú bá rẹ́rìn-ín. Ó wá tún ní…"

Ẹnìkan ṣí omi ẹ̀rọ, ariwo omi sì bo ìyókù mọ́lẹ̀. Èmi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbá ìkòkò ìrẹsì òfìfo mọ́ àyà. Bí Praise, ẹni tó ń sọ ọ́, ṣe yíjú padà tó rí mi, ṣe ló ya ẹnu sílẹ̀.

"Ah! Sister Gbémi! Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá, ẹ jẹ́ n bá yín fọ̀ ọ́."

Ẹgbẹ́ akọrin kan náà lèmi àti Praise wà, ẹ̀gbẹ́ ara wa la sì máa ń dúró. Kò pè mí ní Sister rí.

Ẹlòmíì ì bá ti dá a dúró kó bi í léèrè. Èmi kì í béèrè. Ilé ni Mummy ti kọ́ mi níwèé láti kékeré títí mo fi parí. Orí tábìlì ìjẹun wa ní Redan, nílẹ̀ òyìnbó níbí, ni kíláàsì mi, àwọn ìyá àgbà tó ń wá kí Mummy lọ́sàn-án ni ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ àna, èmi á gbórí sínú ìwé, etí mi á wà lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ dáadáa. Sísọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Mo gbé ìkòkò náà kalẹ̀, mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò Daddy. "Mi ò fẹ́ kí Gbémi wá síbí." Ta ló kọ́kọ́ mọ ohun tí kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe sí mọ́tò kékeré rẹ̀? Ṣé kì í ṣe èmi ni?

Kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa pàdé. Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé ni, lọ́dún tó kọjá. Morákinyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ wa nígbà náà. Covington ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti kú, tàbí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, bí wọ́n á ṣe tún rìn. Ó gbé mọ́tò kékeré rẹ̀ wá kí àwọn ọmọ fi ṣeré: mọ́tò tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin kan, tí táyà rẹ̀ yọ síta bíi ti mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré nínú yẹ̀pẹ̀. Bó bá ń lọ tààrà, geere ni mọ́tò náà ń lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé kọ́nà, ṣe ló máa dojú dé, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Àwọn ọmọ ń yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Orí yẹ̀pẹ̀ ni mo ti máa ń wà á," ló ń wí, òógùn ti bò ó. "Kápẹ́ẹ̀tì yìí ló ń yọ̀ jù."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń ran bọ́tìnnì tó já lára aṣọ ọmọ kan. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Kò yọ̀," ni mo wí. "Ó ń di táyà mú jù ni."

Gbogbo wọn wò mí. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni ó bi mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi bí ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Aṣọ ìyàwó ni mo máa ń tún ṣe fáwọn èèyàn nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ni mo ní. Mo ní, "Tí èèyàn bá tẹ́ àrán lé orí àrán, tó wá fa ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ò ní jẹ́ kó lọ. Á mú un ṣinṣin. Táyà yẹn ò rí ibi yọ̀ sí, ìsàlẹ̀ mọ́tò dúró, òkè rẹ̀ ṣì ń lọ. Kò sí bí kò ṣe ní dojú dé."

Ó wo mọ́tò, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wò mí. "Kí lorúkọ yín?"

Lọ́sẹ̀ kejì ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ti lọ sí Duluth, sí ilé ńlá kan tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí láti ògiri dé ògiri fún ìdíje àwọn mọ́tò kékeré, wọ́n sì ní ohun tí mo sọ yẹn gan-an ló ń ṣe mọ́tò òun. Wọ́n ní gúlúù ni àwọn fi ń kun ẹ̀gbẹ́ táyà. Bó bá gbẹ, ibẹ̀ á le, á dán, kò ní lè di kápẹ́ẹ̀tì mú mọ́ tí mọ́tò bá tẹ̀ ní kọ́nà.

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ló ní. "Mo dán an wò. Gbogbo táyà ló lẹ̀ pọ̀ mọ́ àpótí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Bó ṣe di ẹni tó ń wá sí Redan nìyẹn tó bá ti kúrò ní shift. Nínú gáréèjì la máa ń jókòó. Mummy ní kí ilẹ̀kùn gáréèjì wà ní ṣíṣí, òun náà á sì gbé àga sẹ́nu ọ̀nà inú ilé, á máa ka Bíbélì rẹ̀, á máa fojú kan wò wá. A sọ mọ́tò náà kalẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ẹrù rẹ̀ má bàa wà lókè jù. A pààrọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì sí èyí tó nípọn, kí ẹ̀gbẹ́ kan má máa dá rì lọ. Ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ló gbà wá lákòókò jù. Òun á ní kí a lo èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò náà. Èmi á fi ìka tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, màá fi í sílẹ̀, màá wo bó ṣe ń dìde.

"Ó ń fò bí àkèré," ni màá ní. "Ọ́ìlì ẹ̀ ṣàn jù."

"Èyí ńkọ́?"

"Eléyìí ò fẹ́ẹ́ dìde rárá. Ọ̀lẹ ni."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó máa dìde?"

"Bí ìyá àgbà tó ń dìde lórí àga. Tó mọ̀ pé wọ́n ń dúró de òun, síbẹ̀ tí kò kánjú."

Ojú Mummy ò kúrò nínú Bíbélì. "Ta ni ìyá àgbà níbí?" ló bi wá.

Ọjọ́ tí Morákinyọ̀ sọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀, táyà kan wà lọ́wọ́ mi, mo ń kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mummy ti wọlé lọ wo ọbẹ̀. Ó ní, "Gbémi, ṣé a lè máa ṣe báyìí lọ?"

"Títí dìgbà wo, Bọ̀dá Morákinyọ̀?"

"Títí tí ọwọ́ tìẹ náà á fi máa gbọ̀n. Má pè mí ní bọ̀dá mọ́."

Mo fẹ́ sá wọlé. Gúlúù ti lẹ àtàǹpàkò mi mọ́ táyà. Mo dìde, táyà tẹ̀ lé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tọrọ àforíjì, ó ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná tú mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò sì rántí pé mo dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé "ìwọ" fún un.

Aunty Mojísọ́lá ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Daddy. Àbúrò Daddy ni, òun sì ni Morákinyọ̀ àti ìyá rẹ̀ bẹ̀ kó ṣe alárinà. Mo wà lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́.

"Ọmọ dáadáa ni, Bùọ̀dá mi. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn."

"Kí ló máa ń ṣe ní Sátidé?"

Aunty wúkọ́. "Ó máa ń… ó máa ń fi mọ́tò sáré."

"Sáré! Lójú títì?"

"Rárá o. Mọ́tò kékeré ni. Báyìí." Mo mọ̀ pé ọwọ́ ló fi wọ̀n ọ́n.

Daddy ní, "Mojísọ́lá. Èyí tí wọ́n ń rà fún ọmọ ní Kérésìmesì?"

"Ó le ju ìyẹn lọ díẹ̀, Bùọ̀dá mi."

"Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi tí kì í lè sọ pé ebi ń pa òun, kó wá máa fi í sílẹ̀ nílé lọ ṣeré. Ta ló tún ń lọ síbẹ̀? Irú èèyàn wo ló ń bá rìn níbẹ̀? Ní kó wá rí mi."

Morákinyọ̀ wá. Daddy ti ilẹ̀kùn pálọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan, èmi tí etí mi máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Nígbà tó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Mummy, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹyin gbé. Daddy sọ fún ìyá Morákinyọ̀ pé òun máa fún wọn lésì nígbà tí òun bá ṣe tán.

Láti ọjọ́ náà ni Morákinyọ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà ló máa ń ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá sáré ní Duluth, iwájú pátápátá lo máa dúró, kí wọ́n rí ẹni tó ṣe mọ́tò." Ní báyìí, tí mo bá bi í pé ìgbà wo ni, á ní, "Dúró ná." Á sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìgbà yẹn gan-an sì ni Péjú bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa mọ́tò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Daddy ni Péjú, ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì ni, Duluth ló ń gbé. Mo máa ń pè é ní Sister Péjú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, torí pé níbi tí mo bá ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, òun á ti sọ tirẹ̀, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín sí i, á ti jókòó. Ìgbà wo ló tó fẹ́ràn mọ́tò? "Gbémi, kí ni wọ́n ń fi gúlúù yẹn ṣe ná?" "Gbémi, ṣé inú ń tètè bí Morákinyọ̀?" Èmi òpè ń ṣàlàyé fún un!

Lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́ ní kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò pè é ní Sister mọ́ nínú ọkàn mi. Mo ń rí i níbi tí mo bá wo: ehín rẹ̀ funfun, ọrùn rẹ̀ gùn, ó mọ aṣọ wọ̀. Mo bá aṣọ ìyàwó kan tí mo ń tún ṣe jà. Mo ran apá rẹ̀, mo tú u, mo tún un ran. Gbogbo ara aṣọ náà ni mo ń rí Péjú.

Daddy ní ọ̀sẹ̀ yẹn lòun máa fún àwọn ìyá Morákinyọ̀ lésì. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a ó jókòó nílé, wọ́n á sì bi èmi náà léèrè.

Ní Wẹ́sìdé, Morákinyọ̀ gbé táyà tuntun wá nínú àpótí. Ìdíje ń bọ̀ ní Sátidé. Mummy wà lórí àga rẹ̀.

"Ẹ̀gún kéékèèké ara wọn ṣì mú bí abẹ́rẹ́," ló ní, "wọ́n á di kápẹ́ẹ̀tì mú ju ti àtijọ́ lọ. Kun ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa fún mi."

Mi ò fọwọ́ kan àpótí náà. "Ẹ gbé e fún Péjú."

Ó gbójú sókè. Mo ti padà sí "ẹ", mo sì ti yọ Sister kúrò. Ó gbọ́ méjèèjì.

"Gbémi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣé ó wá síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, bíi pé Daddy dúró síbẹ̀. "Ó wá."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá wòran."

"Èmi náà fẹ́ wá wòran."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to táyà inú àpótí. Mo fún un láyè. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fún un láyè tó.

"Ṣé ẹ rí i?" ni mo wí. "Ẹni tí ẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kó bá yín kùn ún."

"Gbémi, jọ̀ọ́, ní sùúrù kí àwọn àgbà parí ọ̀rọ̀ wọn. Mi ò lè…"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọlé."

Mo wọlé. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì títí tó fi gbé àpótí náà, tó gbá a mọ́ àyà bíi pé ó wúwo, tó lọ.

Mummy ò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn bu oúnjẹ fún mi, ó ní, "Jẹun." Mi ò lè jẹ ẹ́.

Aunty Mojísọ́lá máa ń lọ ra iṣu ní Duluth, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ oríṣiríṣi ìlú. Ní Sátidé mo ní kí n bá wọn lọ. Inú wọn dùn. Láti Redan títí a fi débẹ̀, wọ́n ń sọ irú aṣọ tí èmi àti Morákinyọ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìtajà lọ, mo ní mo fẹ́ ra òwú. Ilé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ò jìnnà. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni. Mo gbọ́ ariwo àwọn mọ́tò kékeré náà kí n tó dẹ́nu ọ̀nà, bí ìgbà tí ẹ̀fọn pọ̀ nínú yàrá.

Àwọn awakọ̀ dúró lórí pèpéle pẹ̀lú rìmóòtù. Mo rí Morákinyọ̀ láàárín wọn. Mo rí Péjú nísàlẹ̀, létí kápẹ́ẹ̀tì, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń gbé mọ́tò dìde. Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni tó rán an.

Mọ́tò wa bọ́ sójú ọ̀nà. Mo ní mọ́tò wa. Ó ń lọ dáadáa, ó ń dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí àwọn òkè kéékèèké tí wọ́n ṣe sójú ọ̀nà náà bí mo ṣe fẹ́ kó máa dìde. Ó dé kọ́nà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà gán kápẹ́ẹ̀tì, ó dojú dé. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó kùn ún. Péjú sáré wọ àárín, ó gbé e dìde, ó pariwo pé, "Oya, máa lọ, máa lọ!" Kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó tún dojú dé. Péjú tún gbé e. Inú mi ń dùn, inú mi sì ń bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kó máa ṣubú. Mo sì fẹ́ fo irin tí wọ́n fi yí ibẹ̀ ká, kí n gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Morákinyọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba mọ́tò lọ́wọ́ Péjú, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́." Péjú gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ! Ó ń sọ pé "ẹ" fún un! Orúnkún wo ló ń tẹ̀ fún èmi? Irú eré wo ni wọ́n jọ ń ṣe tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ fún ara wọn?

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bo ojú rẹ̀, mo rí i dájú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bò ó. Ó sáré wá síbi irin.

"Gbémi! Ta ló mú ẹ wá? Jọ̀ọ́, má dúró síbí. Jọ̀ọ́."

Praise ò purọ́, àbí? Etí ara mi ló gbọ́ ọ báyìí.

Nínú parking lot, Aunty ń ti iṣu bọ ẹ̀yìn mọ́tò. "Òwú dà?"

"Wọn ò ní in. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò tíì ra ẹja o."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wo ojú mi, wọn ò ra ẹja. Ní ọ̀nà, mo ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nínú ara mi, kó má bàa há mi lọ́fun lọ́jọ́ kejì: rárá. Rárá. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọ́ nínú ara mi tán, màá tún máa rí gáréèjì wa, àga rẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ta ló tún máa bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí nǹkan máa dìde?

Lọ́jọ́ Àìkú, a jókòó sí pálọ̀. Daddy wà lórí àga wọn, Mummy lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Aunty Mojísọ́lá ti wé gèlè rẹ̀ bíi pé ìdáhùn ti dé. Péjú náà wà níbẹ̀. N kò mọ ẹni tó pè é. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo yí ojú kúrò.

"Gbémi," ni Daddy wí, "kí n tó sọ tèmi, mo fẹ́ gbọ́ tìẹ. Ọmọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Rárá, Daddy."

Gèlè Aunty yẹ̀. "Kí lo wí?"

"Mo ní rárá."

"Látàná lo ti ń ṣe bákan!" ni Aunty wí. "Èmi tí mi ò ra ẹja nítorí ẹ!"

Mummy gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Mo fẹ́ ní kò sí nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Péjú ń wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó mọ́ kedere, ọ̀rọ̀ sì tú jáde lẹ́nu mi. "Ẹ bi Sister Péjú. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ń bá a ṣe ní Duluth ní gbogbo Sátidé. Àwọn àti ẹ ṣé, àwọn àti ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ìdí tí kò fi fẹ́ kí èmi débẹ̀."

Péjú wo Daddy. Daddy wo fáànù.

"Daddy Gbémi," ni Péjú wí, "ẹ bá mi sọ ọ́ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa mí."

Daddy wúkọ́. "Èmi ni mo rán an."

"Ẹ rán an lọ síbo?" ni Mummy bi wọ́n.

"Ìwádìí. Ṣé a ò ní ṣe ìwádìí ni? Bàbá mi ṣe é lórí ilé yín. Mo ní kó lọ máa wo ìṣe ọmọ náà, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó wo àwọn tó ń bá rìn. Ẹni tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe ìwádìí kì í sì í mọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

Aunty Mojísọ́lá dìde dúró. "Ẹ̀yin náà! Omidan arẹwà lẹ mú, lẹ rán sí àfẹ́sọ́nà omidan? Kò sí ìyá àgbà kankan?"

"Ta ni mo tún mọ̀ ní Duluth?" ni Daddy wí. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. "Àti pé, Gbémi, èmi ni mo ní kí ọmọ náà má mú ọ débẹ̀ títí màá fi dáhùn, kó má sì sọ fún ọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. N kò mọ̀ pé ó máa gbọ́ tó báyìí."

Ìyẹn ni ẹyin tó gbé jáde nínú pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n owú ò tètè jáde lára èèyàn.

"Kí ló dé tó ń tẹ orúnkún fún wọn?" ni mo bi wọ́n.

Péjú bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ará ilé ìyàwó òun ni mí! Mo ní má kúnlẹ̀ fún mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó kọ̀. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ rò pé èmi ni mo ni ilé náà. Gbémi, àná ńkọ́? Mo bá a ja ìjà gúlúù yẹn. Mo ní gbogbo ẹni tó wà níbí ló mọ̀ ọ́n kùn, gbé e fún ẹnì kan. Ó ní rárá, iṣẹ́ Gbémi ni, tí inú bá ń bí Gbémi, kí mọ́tò máa ṣubú títí inú ẹ̀ á fi rọ̀. Èmi ni mo ń sáré gbé e! Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí."

Mummy ti fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́," ni mo wí. Ohùn mi ò le mọ́. "Wọ́n gbọ́ ọ. Ó ní òun ò fẹ́ kí n wá síbẹ̀."

"Ó sọ ọ́," ni Péjú wí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹni tó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì ò dúró gbọ́ ìyókù ni."

Daddy tẹ̀ síwájú lórí àga. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, Péjú. Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo máa dúró sí dáhùn."

Péjú jókòó dáadáa. Ó wò mí, kò wo Daddy.

"Mo bi í pé, tí Daddy Gbémi bá ní kó yan ọ̀kan, mọ́tò tàbí Gbémi, kí ló máa ṣe. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní: 'Mi ò fẹ́ kí Gbémi wá síbí, torí mo ti ṣèlérí fún Daddy, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́. Tí Daddy bá ní kí n fi mọ́tò sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Daddy, kí wọ́n má ní kí Gbémi fi í sílẹ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n. Nídìí mọ́tò nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ kó sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n jẹ́ kó gba rìmóòtù, kó máa wà á. Èmi á wọ ẹ̀wù ọsàn yẹn, èmi á dúró létí kápẹ́ẹ̀tì, tó bá ṣubú, màá máa gbé e dìde fún un.'"